Pèrègún Tí Mo Ní Kí Wọ́n Hú

Bàbá mi tí mo fi ojú jọ,

Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, kò sì sí ẹni tí yóò gbà mí nímọ̀ràn kí n gbà. Àbígbẹ̀yìn mi ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó lọ jókòó. Kíláàsì mẹ́ta tí ẹ rán mi náà ni mo fi ń kọ ọ́.

Mo lọ sí Òkè Ìgbá. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ìka ya ìlú náà sórí tábìlì wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nínú omi tó bá dà láti inú kọ́ọ̀bù yín? Odò nìyí, ọjà nìyí, ilé wa ló wà láàárín. Kí n tó mọ ọ̀nà odò, omi á ti gbẹ. Òótọ́ lẹ sọ. Odò ṣì wà nísàlẹ̀, òkè ṣì wà lẹ́yìn ilé. Èèyàn ni kò sí. Ilé mẹ́tàdínlógún ni mo kà láti ọjà dé etí odò. Inú mẹ́fà péré ni wọ́n ti ń dáná. Ní àgbàlá wa ní Èkó níbí, èèyàn ò lè na apá kó má kan ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́hùn-ún, adìẹ ló kí mi káàbọ̀.

Ohun tó gbé mi lọ rèé. Ọmọ ọ̀rẹ́ yín, ẹlẹ́po tó múlé tì wá, ti kó búlọ́ọ̀kù dé ẹ̀yìn ilé yín. Bó bá mọ ògiri rẹ̀, orí ibojì yín ni yóò gbà kọjá.

Ó ní, “Ìyá Èkó, àánú ni bàbá mi ṣe tí wọ́n fi sin bàbá yín síbẹ̀. Ilẹ̀ wa ni.”

Baálẹ̀ ní, “Ìyá, ẹ fi pèrègún ààlà yín hàn wá, ọ̀rọ̀ á tán.”

Bàbá, kò sí pèrègún. Níjọ́sí, mo fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n ro àyíká ilé, kó mọ́ bíi ti Ìkòyí. Ẹni tó ń ro ó pè mí lórí fóònù, ó ní pèrègún ńkọ́, pé wọn kì í gé e. Mo ní ta ló bi í. Mo ní kó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Mo ṣe bí òdòdó ni.

Ọmọ ẹlẹ́po rẹ́rìn-ín. Mo dúró lójú gbogbo wọn, ọwọ́ mi ò rí ibi nà sí. Àwọn tó mọ ojú ààlà náà ti wà nílẹ̀ bíi tiyín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ̀ ọ́n, òun náà ti kú láìfi han ẹnikẹ́ni. Ṣé ọ̀tún ibojì yín ni ààlà gbà ni, àbí òsì? Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni Baálẹ̀ fún mi. Ó ku mẹ́ta.

Ọdún tí ẹ mú ẹ̀gbọ́n mi lọ yí ilẹ̀ náà ká, tí ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ kan pèrègún lọ́kọ̀ọ̀kan, mo di ẹrù tèmi náà. Ẹ ní obìnrin kì í kánjú, pé tèmi di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ò mú mi lọ títí ẹ fi kú.

Ẹ jẹ mí ní ìrìn kan yí ilẹ̀ yẹn ká. Ẹ wá san án.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin kan ṣoṣo, tó fẹ́ràn yín.