Ilẹ̀ Etí Odò Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Bàbá Rẹ

Abúlé Òkè-Àpáta,
lẹ́yìn Èrúnmú.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Hasanat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ, mo kí Roheem ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ ní Moniya ń lọ déédéé? Àwa níhìn-ín ń dúpẹ́, àfi orúnkún mi nìkan. Ìyàwó mi ní ìgbà iṣẹ́ oko nìkan ló máa ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù ló mú kí n mú bírò. O ní kí n yọ̀ǹda, gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, kí ìwọ àti ọkọ rẹ kọ́lé sí oko bàbá rẹ létí odò, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ wá síbẹ̀. Mo dákẹ́, o rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló já. Nẹ́tíwọ̀kì ò já. Ẹnu mi ni kò gbà á.

Má kọ́lé síbẹ̀, Hasanat. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kò buyì kún mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o gbọ́ ọ.

Ahoro ẹ̀gbẹ́ oko náà tí ẹ ti máa ń ká máńgòrò nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, abúlé wa àtijọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá bàbá mi sí. Àwọn ará ibẹ̀ ń fọ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé àwọn ọmọdé ló ń fi ọ̀pá fa àwọn àgbà lọ sóko. Àwọn ará òkè kì í fi ọmọ wọn fún wọn fẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀, wọ́n wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ olókùúta tí a wà yìí. Wọ́n ní odò ló ń bínú. Lọ́dún tí bàbá mi kú ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní, “Lìádì, ẹ lè dé ibẹ̀, ẹ má pẹ́ níbẹ̀.”

Lẹ́yìn tí a sin bàbá, a pín ilẹ̀. O mọ àṣà ilé wa: àbúrò ní í pín, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú. Bàbá rẹ pín in sí méjì, kò sì fi ẹ̀tàn kankan sí i. Apá kan jẹ́ ilẹ̀ òkè tó gbẹ. Apá kejì ni ilẹ̀ dúdú etí odò, tí ẹ̀fọ́ ń hù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mú ti òkè. Gbogbo ẹbí yìn mí, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n tó lè fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún àbúrò ṣọ̀wọ́n. Mo gba ìyìn náà, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni rere.

Mo tan ara mi jẹ fún ọdún pípẹ́. Mo ní mùsùlùmí ni wá, pé odò tó ń bínú, ọ̀rọ̀ kèfèrí ni. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá gbà á gbọ́ lóòótọ́, kí ló dé tí mi ò mú ilẹ̀ ọlọ́ràá? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, mo sì ń wò ó.

Bàbá rẹ jẹ èrè ilẹ̀ náà. Tẹ̀tẹ̀ àti ilá ibẹ̀ ló fi rán ọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni amùkúrù, eṣinṣin dúdú kékeré etí odò yẹn, ń jẹ ẹ́. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó ń fi àfọ́kù ìkòkò họ ẹsẹ̀, awọ ojúgun rẹ̀ sì ń di funfun tó-tò-tó. Kí àwọn elétò ìlera tó gbé oògùn dé abúlé wa, tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gíga oníkálukú kí wọ́n tó ka hóró oògùn lé e lọ́wọ́, ojú ọ̀tún rẹ̀ ti lọ. Oògùn náà dá ara yíyún dúró, kò dá ojú padà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ojú òsì náà tẹ̀lé e.

Nọ́ọ̀sì Dorothy tó bá wọn wá ló là mí lóye. Ó ní inú omi tó ń sáré lórí àpáta ni amùkúrù ń yé sí, òun ló sì ń gbé kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Kòkòrò náà ló ń ba ojú jẹ́. Àwọn bàbá wa ò mọ orúkọ àrùn náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tó ń gbé. Odidi abúlé ni wọ́n sá fún nítorí rẹ̀, èmi sì gbé ohun tí wọ́n mọ̀ mì.

Lọ́jọ́ kejì tí o pè mí, mo lọ bá bàbá rẹ. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ ló fi ń mọ èyí tó yọmọ. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dá ọwọ́ dúró. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá sọ ọ́ fún èmi náà.” Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi gba ilẹ̀ náà. Ó ní, “Mo rò ó pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ ò ní jẹ́ kí n gbà á.”

Hasanat, ì bá sàn kó bú mi. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo ti gé ìdajì ilẹ̀ òkè mi fún ọ, lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́lé sí. Ilẹ̀ náà le, kò ní fún yín ní ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí Roheem bá ní dandan òun yóò dáko létí odò, kó wọ aṣọ tó bo apá bo ẹsẹ̀, kí gbogbo yín sì máa lo oògùn náà lọ́dọọdún, ẹ má jẹ́ kó yẹ̀.

Kí Ọlọ́run dáàbò bo ojú àwọn ọmọ rẹ. Kí wọ́n fi rí rere, kí wọ́n fi ríran dọ́jọ́ alẹ́. Ẹni tí wọ́n bá gbẹ́kẹ̀ lé, kó má dákẹ́ lórí wọn. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Lìádì.

Àfikún: Bàbá rẹ gbọ́ pé mò ń kọ̀wé sí ọ, ó ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun. Mo kà á tán, mi ò fo ìlà kankan. Ó ní kí n má pa ìkankan rẹ́.