Ìyá Mú-Tàtijọ́-Wá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa Tó Ta Ẹ̀yà Ọkọ̀

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta ọdún 1947 ni a bí Màmá, ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ níhà bàbá, ọmọ-ọmọ ahunṣọ níhà ìyá. Awakọ̀ ilé ìwòsàn ni bàbá wọn; aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn nìkan ni obìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́rin.

Ní ọdún 1953, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1960. Ìyá wọn fẹ́ kí wọ́n kọ́ ìránṣọ, àmọ́ abẹ́ ọkọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti sábà máa ń rí wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni epo ẹ́ńjìnnì ba aṣọ ìsìn wọn jẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1969, wọ́n fẹ́ bàbá wa, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ tò. Ní 1970, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ síwájú ibi iṣẹ́ Bàbá. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín, Bàbá sì la fèrèsé sí i, kí Màmá lè máa na ohun tí iṣẹ́ bá ń fẹ́ sí wọn. Ohun tó bá ti ọwọ́ Màmá wá, Bàbá kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 1984, ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ wá. Bàbá tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, wọ́n sì béèrè bíárìn, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí ọ̀pá kíráńkì ń yí láàárín wọn. Màmá béèrè ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, wọ́n sì mú èyí tó bá ọdún náà mu. Wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ti lọ ọ̀pá náà rí. Ó ti tín-ín-rín, bíárìn tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹ́. Bàbá wa pàápàá kò wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ kẹta tó gbé e lọ, ẹ́ńjìnnì ti ń dún gbà-gbà, okùn ni wọ́n fi fa ọkọ̀ náà padà.

Àwọn oníṣẹ́ àdúgbò pé jọ. Fọkanáísà ní, “Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yín ń kan ilẹ̀kùn bí àlejò tí ebi ń pa!” Ẹni méjì tí ẹ́ńjìnnì wọn wà nílẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀, orúkọ rere Bàbá ló ń bọ́ ilé wa.

Bàbá tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n wo nọ́ńbà ẹ̀yìn bíárìn tó ń sọ bí ó ṣe nípọn tó, wọ́n rí i pé kò bá a mu, wọ́n sì tì í sápò. “Ọwọ́ mi ló ṣe é,” ni wọ́n wí.

Màmá rí wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n jáde. “Bàbá Wọn, ẹ yọ ohun tó wà lápò yín.”

“Padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, jàre.”

“Mi ò padà. Ẹ̀yin èèyàn, ọwọ́ ọkọ mi kọ́. Èmi ni mo tà á láìwo ti àtijọ́.”

Ọ̀gá ilé ìwé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó bá jẹ́wọ́ níwájú kíláàsì, n kì í nà án. Ẹ bá mi tún un ṣe.”

Wọ́n tún ọ̀pá náà lọ̀, wọ́n sì wá bíárìn tó bá a mu. Àwọn méjì yẹn sọ ẹrù wọn kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí Màmá ta ọjà fún láìjẹ́ pé ó mú èyí tó bàjẹ́ wá kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìnagijẹ wọn, Ìyá Mú-Tàtijọ́-Wá.

Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà nínú ìjọ. Wọ́n fi ọjà sílẹ̀ ní 2012. Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ keje oṣù Kejì ọdún 2023, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Bàbá, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan.

Nígbà tí a ka ìwé yìí fún Bàbá, ọ̀kan nínú wa ní kí a yọ ọ̀rọ̀ bíárìn kúrò, pé ìwé ìsìnkú kì í ṣe ibi àṣìṣe. Bàbá ní, “Bí ẹ bá yọ ọ́, ta lẹ fẹ́ sin?”

Màmá wa, ẹ sùn jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá yín.