Àṣẹ Tí Wendell Sọ Ní Màmá-Ti-Dé

Wendell ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Boston ò le jù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, òtútù ò ní rí ọ gbé ṣe. Àwa náà ń bẹ níbí ní Wisconsin. Màlúù olójú funfun ti bí abo, yìnyín sì ti bo ọ̀nà oko.

Loretta tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yà kí wa nígbà tó ń lọ sílé wọn. Mo gbé ọbẹ̀ ọ̀dùnkún fún un, mo sì ní kó tètè ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún mi, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lò ń ṣe láìmọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, pé ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Dúró-Kó-O-Gbiná. Wendell, ta ló fọwọ́ sírú àṣẹ bẹ́ẹ̀? Mo kàwé nípa okòwò, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ jó ilé iṣẹ́. Mo ti bá olórí panápaná wa sọ̀rọ̀, garawa yanrìn méjì ń bọ̀ lọ́nà, gbé ọ̀kan sẹ́yìn àga rẹ. Loretta tún ní ibi tó bá ṣófo nínú ẹ̀rọ, “òkú ẹran màlúù” lẹ ń kọ síbẹ̀ láti fi kún un. Èmi tí mò ń darí ẹgbẹ́ onímàlúù, mo sọ fún ọ, ẹ kó o kúrò kí wolé-wolé tó dé.

Ṣe ni Loretta ń rẹ́rìn-ín, n ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ó wá ní ìwọ náà ti kọ àṣẹ kan, pé Màmá-Ti-Dé lo sọ ọ́. Tó bá ti wọlé báyìí, gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀rọ á ju ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á máa retí ohun tí wọ́n máa gbọ́. Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó ní, “Verna, ọmọ yẹn ò gbàgbé ilé.”

Ọ̀rọ̀ àyà yẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ti dájọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá rẹ kọ̀. Ó ní ta ni yóò máa fún wàrà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ní màá háyà èèyàn, ó ní àwọn màlúù ò mọ ọwọ́ àlejò, ọwọ́ òun àti tìrẹ nìkan ni wọ́n mọ̀. O mọ̀ pé n kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àmọ́ mi ò lè fi tipátipá gbé ọkọ mi lọ sórí bẹ́ẹ̀dì dókítà. Mo ti gba ọjọ́ tuntun, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni.

Tó o bá ń bọ̀, mú owó díẹ̀ dání, oúnjẹ màlúù ti wọ́n. Má ra bàtà, bàtà oko rẹ ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ti fọ̀ ọ́.

Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀. Mo bi Loretta bóyá mo lè ti ilé níbí fi àṣẹ yẹn ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ yín, ó ní kò ṣeé ṣe. Mo wá kọ ọ́ síbí fún ọ: Màmá ti dé. Ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀.

Ìyá rẹ,
Verna