Ọkùnrin Tó Ń Ka Fíìmù

Bronia, ìyá Kalina,

Mo kí ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi ní ilé ìwòsàn nílùú Łódź. Má da ara rẹ láàmú o. Ọbẹ̀ olómi wọn ò burú, ó sì ń gba ọ̀fun mi kọjá díẹ̀díẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n la fi ń tura. Lánàá, wọ́n gbé fíìmù ilẹ̀ òkèèrè kan jáde: ìyá arúgbó kan ń bó pòtétò ní kíṣìnì, ó ń retí ọmọ rẹ̀. Wiesław, aládùúgbò bẹ́ẹ̀dì mi, pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nǹkan yìí! Ta ló fẹ́ wo pòtétò?" Èmi náà fọwọ́ júwe pé kí wọ́n pa á, àmọ́ kò sẹ́ni tó dìde lọ pa á.

Ṣé o rántí ọkùnrin tó máa ń dá fi èdè wa ka ọ̀rọ̀ gbogbo òṣèré inú fíìmù òkèèrè fún wa lórí tẹlifíṣọ̀n, tọkùnrin tobìnrin, bí ẹni ń ka ìròyìn ojú ọjọ́? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ka ìdágbére ìyá náà. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Bronia, gbogbo wọ́ọ̀dù ló sunkún. Wiesław fi pílò bojú, ó ní ọ̀fìnkìn ló ń da òun láàmú.

Ọ̀la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun mi. Dókítà ní nǹkan kékeré ni, àmọ́ kò wojú mi. Má pè mí lórí fóònù mọ́, lẹ́tà ló dáa jù.

Tí lẹ́tà mi bá dé, máa kà á sókè fún Kalina ọmọ wa. Kà á bíi ti ọkùnrin yẹn, má jẹ́ kí ohùn rẹ gbọ̀n.

Kí ìyá rẹ. Kí àwọn adìẹ wa. Bá mi kí Kalina. Ohùn rẹ ni kó o máa fi kí i dípò tèmi.

Ignacy