Ọmọ Ń Ké, Èmi Ń Kí I

Ilé Gbádégẹṣin,
Òkè Ọjà, Ìrágbìjí.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2005.

Inúmidùn ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ, mo kí Olúṣẹ̀yẹ ọkọ rẹ, mo kí Àdúràolúwa ọmọ ọmọ mi tí n kò tíì fi ojú kàn. N kò ní béèrè bóyá ara le, nítorí mo ti gbọ́ pé kò le. Ọlọ́run tí ó gbé ọ dìde lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ kò ní já ọ sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Ara tí wọ́n là yóò pa dé, omi ọmú rẹ kò ní gbẹ, ẹkún kò ní jẹ́ tìrẹ nínú ilé tí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Àmín.

Ilé dára. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ó sì fi ìdajì fìlà mi ṣe oúnjẹ abiyamọ, ṣùgbọ́n n kò bá a wí nítorí ìyá ọmọ ni. Iṣu ọdún yìí ta, páànù ṣọ́ọ̀ṣì tí atẹ́gùn ká lọ́jọ́sí ni a ti kàn padà. Fọ́tò ọmọ tí o ní o ti fi í-méèlì ránṣẹ́ kò tíì dé o. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ títí ó fi sú mi, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá tí ó wà níbẹ̀ ní òun kò rí i nínú àpò kankan. Mo ní kí ó gbọn ìsàlẹ̀ àpò dáadáa nítorí fọ́tò kì í nípọn, ó gbọ̀n ọ́n lójú mi, eruku ni ó jáde. Bóyá ẹni tí o fún kò lẹ sítáǹbù tí ó tó mọ́ ọn. Bá mi wádìí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Fóònù tí o rà fún mi wà ní àlàáfíà. Áńkáṣíìfù mímọ́ ni mo ń fi dì í. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé inú ilé wa, nítorí náà orí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń gbé e lọ tí mo bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán. Ibẹ̀ ni yóò ti dún lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sì dákẹ́ kí n tó rí ibi tí à ń tẹ̀, n ó wá rí orúkọ rẹ lójú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ tí mo kọ́ nìyí, ó wà ní Festac, ó ń kúnlẹ̀ kí mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ dí mi lọ́wọ́. Èmi náà yóò wá orúkọ rẹ, n ó jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀kan, n ó pa á. Lójú tèmi, mo ti dá ọ lóhùn pé, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa. Nígbà tí ó wá di pé o ń pè lọ́pọ̀ ìgbà láàárọ̀ kan, inú mi dùn sí i. Mo ní láti ìgbà tí o ti di abiyamọ ni o ti mọ iyì òbí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a ṣe ìkórè, mo dìde jẹ́rìí. Mo sọ fún ìjọ pé àwọn ọmọ mìíràn a dé ìlú ńlá, wọn a gbàgbé ilé, ṣùgbọ́n tèmi ń fi fóònù kí mi ní òròòwúrọ̀, mo sì ṣàlàyé bí ó ṣe ń dún. Gbogbo ìjọ hó. Àwọn bàbá kan tí ọmọ tiwọn ra fóònù tí ó tóbi ju tèmi lọ fún ń wò mí bí ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ. Àǹtí rẹ Rosaline, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa nígbà tí èmi náà ń ṣiṣẹ́ ìjọba tí a ń gbé ní Festac, kí ó tó kó lọ sí ẹ́síteètì Raji Rasaki, wá sí ìkórè náà. Òun nìkan ni ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bí a ti jáde, ó fà mí sí abẹ́ igi ọsàn. Ó ní fíláàṣì ni à ń pe irú ìpè yẹn, kì í ṣe ìkíni. Ó ní ẹni tí owó tán nínú fóònù rẹ̀ ni ó máa ń ṣe é, kí ẹni tí ó pè lè pè é padà, àti pé bí ènìyàn bá fi fíláàṣì dá fíláàṣì lóhùn, bí ìgbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn tí ẹni inú ilé náà ń kan án padà láìṣí i ni. Ó wá bi mí bóyá mo mọ ohun tí ó ń ṣe ọ́. Mo ní wọ́n ti rán ojú iṣẹ́ abẹ náà tipẹ́, ó ti parí. Ó ní òun bá ọ pàdé ní ọjà Agboju, o tẹ̀ síwájú, o fi ọwọ́ di ikùn mú nínú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, òun sì bá ọ dé ilé, o sì fi hàn án. Ó ní apá kan ojú egbò náà ti là padà, omi ń jáde níbẹ̀, ó sì ń rùn. Ó ní dókítà ti sọ fún ọ láti máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja, kí o má gbé ẹrù, kí o sì máa wá kí wọ́n fọ egbò náà. Ìwọ kò ṣe ọ̀kankan, nítorí pé o ní Bàbá, ìyẹn èmi, ni ó ní kí o má ṣe é. O bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ fún mi. Jọ̀wọ́, má bá a jà.

Mo délé, mo ro ẹjọ́ náà fún ìyá rẹ. Ẹ̀gúsí ni ó ń bó. Kò pariwo. Ó gbé igbá náà sílẹ̀, ó ní, “Bàbá Inúmidùn, ọmọ ń ké, ẹ̀ ń kí i.” Ó wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tí ó ń fa àpótí jáde.

Ọmọ mi, kì í ṣe fóònù ni ó jẹ̀bi. Nígbà tí Olúṣẹ̀yẹ sọ fún mi pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, ó yẹ kí n dúpẹ́ pé ẹni méjì ni ó délé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bi ọ́ léèrè ohun tí o ṣe sí àdúrà tí mo gbà pé wàá bí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù. Mo ní kí o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ mọ̀ pé wọ́n fi abẹ kàn ọ́. Báwo ni ìwọ yóò ṣe máa lọ fọ egbò ní ilé ìwòsàn tí àwọn ará ìjọ yín ń gba iwájú rẹ̀ kọjá? Mo ní ẹyin àti ẹja máa ń mú kí egbò kún fún ọyún, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi wí, èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ka ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀, n kò sì bi oníṣègùn kan léèrè. Ìyá rẹ fẹ́ wá wẹ ọmọ, mo ní ìyá ọkọ rẹ wà níbẹ̀. Ìyẹn padà sílé lẹ́yìn ìkómọ, n kò sì rántí pé ẹ̀rọ omi kì í yọ ní àwọn fúláàtì wọ̀nyẹn. Mo mọ àtẹ̀gùn yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ọkùnrin, kẹ́ẹ̀gì omi kan máa ń mú mi dúró mí èémí lágbedeméjì rẹ̀. Ìwọ ń fi ikùn tí wọ́n rán gbé e. Àní nígbà tí o rí owó pè gan-an, tí o ní kí n fún ìyá rẹ ní fóònù, mo ní ó lọ sóko, mo sì wàásù fún ọ títí owó rẹ fi tán. Kò lọ sóko. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. N kò fẹ́ kí ẹ jọ sunkún ni.

Dárí jì mí. Mo rò pé bí a ti ń rán aṣọ ni wọ́n ń rán ènìyàn, pé tí abẹ́rẹ́ bá ti jáde, ó ti di wíwọ̀. Rosaline ní láti inú lọ́hùn-ún ni egbò ti ń jinná bọ̀ wá sí òde, oúnjẹ ni ó sì fi ń jinná.

Ìyá rẹ ni ó mú lẹ́tà yìí wá. Ọkọ̀ Mazamaza ni yóò wọ̀, mo ti rán Rosaline pé kí Olúṣẹ̀yẹ lọ dúró dè é níbẹ̀. Ẹyin adìẹ ilé àti ẹja àrọ̀ gbígbẹ wà nínú apẹ̀rẹ̀, ẹyin náà ni mo fi fìlà mi tí ó kù dì. Kí o tó dáná, kí o tó tú ẹrù rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀nà iwájú ni kí ẹ gbà wọlé. Bí ará ìjọ kan bá bi yín léèrè, ẹ ní bàbá yín ní kí ẹ sọ pé abẹ ni Ọlọ́run fi dá ẹ̀mí yín sí. Èmi náà yóò dìde sọ ọ́ níbí ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí ẹ̀rí mi lè pé.

Èmi nìkan ni yóò kù sílé. Ìyá rẹ ti fi bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà hàn mí. Ewúrẹ́ ni ó jẹ èyí tí mo kọ́kọ́ rò.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, mo bẹ̀ ọ́, má fi ránṣẹ́. Fi ra ẹja, fi ra ẹyin, fi sanwó fún àwọn ọmọ Hausa tí ń ta omi kí wọ́n gbé e gun òkè fún ọ. Má pa ọ̀kan mọ́ dè mí. Jẹ ẹ́ lójú ìyá rẹ kí ó lè jíṣẹ́ fún mi.

Mo ti ra káàdì tí à ń fi owó sínú fóònù. Èyí àkọ́kọ́, ọ̀bẹ ni mo fi ha á, nọ́ńbà inú rẹ̀ sì bá ọ̀bẹ lọ. Èyí kejì, èékánná ni mo fi ha á, ó wọlé. Nítorí náà, bí ó bá dùn ọ́, tàbí bí ara rẹ bá gbóná, tàbí bí kò tilẹ̀ sí nǹkan kan, fi fíláàṣì ránṣẹ́ sí mi. N kò ní gbé fóònù wálé mọ́ lójúmọmọ. Orí àpáta náà ni mo ń gbé àga lọ bí mo bá ti fi òǹtẹ̀ di lẹ́tà yìí tán.

Egbò rẹ yóò jinná, Àbẹ̀kẹ́. Wàá nàró, wàá pọn ọmọ rẹ, àpá náà yóò wà lára rẹ, kò ní jẹ́ ohun ìtìjú fún ọ, ibi tí ọmọ ọmọ mi gbà wáyé ni. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí n rí yín. Bí o bá ti pè, kì í ṣe pé n ó kí ọ mọ́. N ó dá ọ lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Enoch Gbádégẹṣin.