Ẹsẹ̀ Dádì ní Ṣọ́ọ̀ṣì Scotland

Dádì mi àtàtà,

Mo ti dé Scotland o. Mo ti rí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Bí àlejò bá ti jókòó sílé wa ní Thamesmead, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé ẹsẹ̀ yín wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Scotland. Èmi rò pé ohun tí ẹ ń wí ni pé ẹ ti débẹ̀ rí, nígbà tí ẹ ń ṣe káfíńtà kiri kí ẹ tó bí mi. Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ ní ó ń fò nínú ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ńkọ́? Àlọ́ ni mo kà á sí.

Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, Dádì. Ó kéré, àwọn apẹja ló gbẹ́ ẹ, okùn ni wọ́n fi so ó rọ̀ mọ́ àjà. Tí atẹ́gùn bá wọlé, á rọra yí, òjìji rẹ̀ á máa rìn lára ògiri òkúta. Mo wò ó títí n kò fi mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń lọ ni àbí èmi.

Ìyá àgbà kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ mú mi káàkiri. Ó ní àwọn Àgùdà ló kọ́kọ́ ni ín. Nígbà tí ẹ̀sìn yí padà, wọ́n kó ère kúrò, wọ́n mọ ilẹ̀kùn kan pa, wọ́n sì gbé àga ìwàásù sí àárín ògiri gígùn, kí tolówó tó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti tálákà tó wà nísàlẹ̀ lè jọ gbọ́ Ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ pákó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà? Ó dán bíi tábìlì wa.

N kò bọ́ bàtà kí n tó wọlé bí ẹ ti kọ́ mi. Ojú ìyá yẹn ń tì mí.

Ẹ rántí òpópónà Nathan Way ní Thamesmead? Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, ẹ ó máa rìn láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, títí dé èyí tí a fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi á máa fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kíláàsì mi bi mí bóyá mo mọ ọkùnrin yẹn. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Etí yín gbọ́ ọ. Ẹ ò bá mi wí, ẹ kàn ra chips fún mi ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Tavy Bridge bí ẹ ti máa ń ṣe. Wọ́n ti wó ibẹ̀ báyìí, wọ́n ti kọ́ ilé tuntun sí i. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà mú mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré kan lẹ́yìn. Ojú ẹsẹ̀ kan wà nínú sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, ọmọ ìka tó kéré jù gun èkejì rẹ̀ lórí, bíi tiyín gan-an. Ó ní ó ti ń ya àwọn lẹ́nu tipẹ́ pé òṣìṣẹ́ wo ló ń ṣiṣẹ́ láìwọ bàtà nínú òtútù wọn. Èmi mọ̀. Nílé Ọlọ́run, ẹ kì í wọ bàtà, ìbáà ṣe iṣẹ́ lẹ wá ṣe.

Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ mi lé tiyín. Ó tutù, ó sì gbà mí.

Ìyá àgbà bi mí bóyá mo mọ ẹni náà.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo ní bàbá mi ni.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì dúró láìwọ bàtà.