Wọ́n Gé Ìjẹ̀bú-Igbó Kúrò Nínú Orin Yín

Bàbá mi, onígìtá mi,

Àná la ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ yín. A ṣe sàárà, ilé kún fún èèyàn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ̀yin nìkan sì ni mo lè sọ ọ́ fún kí n má bàa bú ẹnikẹ́ni.

Àwo orin yẹn ti jáde. Ẹ rántí ọkùnrin tó wá láti Èkó, tó ń kó orin àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì àtijọ́ ilẹ̀ wa jọ sínú àwo kan? Ẹ fún un ní rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ yín. Ẹ tiẹ̀ fi áńkáṣífì nù ún kí ẹ tó gbé e fún un, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Orin yín ni ìkẹta. Bí gìtá yín ṣe dún, omi bọ́ lójú mi. Mo wá ń retí ìgbà tí ẹ ó pe àwọn ìlú. Kò dé! Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rọra dín ohùn kù títí orin fi parẹ́.

Ìlú márùn-ún ló para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ sì mú ọmọ kan láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ ó pe Àtìkòrì, ìlù a dáhùn. Ẹ ó pe Òjòwò, gìtá a dáhùn, títí márààrún yóò fi jọ máa dún. Ẹ kì í fi ìlú kan ṣáájú lẹ́ẹ̀mejì léra, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, Bàbá Múfú onílù yín, ọmọ Àtìkòrì, kò dárí jì yín pé Òjòwò lẹ fi ṣáájú nínú rẹ́kọ́ọ̀dù.

Lánàá, mo lu àwo tuntun náà fún wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Òjòwò tó ṣáájú, mo ti gbà. Èmi wá dà? Ta ló pa mí kí n tó kú?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní gìtá làwọn oníbàárà òun ń fẹ́, wọn kò fẹ́ ariwo orúkọ ìlú. Ariwo kẹ̀? Wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn àwo pé ẹgbẹ́ Èkó ni yín! Bàbá mi, ìgbà wo lẹ di ará Èkó? Mo ní kó dá rẹ́kọ́ọ̀dù wa padà, ó ní ó ti wà lókè òkun. Níbo ni n óò ti gbọ́ ohùn yín báyìí?

N kò ní í yéé béèrè rẹ́kọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti bá Bàbá Múfú sọ̀rọ̀, mo sì ti bá àwọn ọmọ àwọn tó ti lọ nínú ẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀, a ó pàdé ní àgbàlá wa pẹ̀lú gìtá yín. Èmi ni n óò máa pe àwọn ìlú. Ohùn mi kò tó tiyín, ṣùgbọ́n n óò máa pe márààrún, n kò sì ní í fo ọ̀kankan.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí àárò yín ń sọ.